Ìgbàlódé kọ́ lorúkọ rẹ̀: ó gbòde ni

Ẹnìkan béèrè ohun tí Yorùbá ń pe aṣọ, irun, ijó tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu tó ṣàdédé gba ìlú kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé "ìgbàlódé" ni. Irú ìdáhùn yìí máa ń bí mi nínú. Kò sí àgbàlagbà kan ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn tó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbàlódé ni ohun tí ìgbà tuntun gbé dé, tó sì jókòó tì wá. À ń sọ pé ilé ìwòsàn ìgbàlódé, ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ilé Kòkó (Cocoa House) ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, ìgbàlódé ni nígbà náà, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Èyí tí kò ní pẹ́ lọ, "ó gbòde" là ń wí, tàbí "ó gbòde kan". Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: òde ló gbà, kò gba ilé. Bó bá ṣì ń ràn kálẹ̀, a ó ní "ó ń gbòde bọ̀". Bí àkókò rẹ̀ bá wá kọjá, kí là ń wí? "Ó ti kógbá sílé." Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn: ilẹ̀ ṣú, ó kó igbá ọjà rẹ̀ kúrò ní ìta. Òde ló ti bẹ̀rẹ̀, òde náà ló ti parí. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìwà jìbìtì gbòde kan, tí a kò jẹ́ sọ pé ìsọmọlórúkọ gbòde. Jìbìtì lè kún ìta, ilé kò gbà á lọ́mọ. Ìsọmọlórúkọ ní tirẹ̀, inú ilé la ti ń ṣe é, ilé náà la sì ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Àwọn kan á ní "Ìgbà laṣọ, ìgbà lẹ̀wù" ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó sọ díẹ̀: ó sọ pé ìgbà ń yí, kò sọ ohun tó yẹ kó kù sílé.

Irun onílé gogoro ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ilé gíga ń yọrí ní ìlú ńlá ni irun yìí gbòde. Irun kíkó ni, kì í ṣe dídì. Onídìrí á fi òòyà ya irun sí ìpín kéékèèké, á mú òwú dúdú, á wé e mọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó, láìfi àlàfo sílẹ̀, títí yóò fi le bí igi. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé wọn sókè, tí yóò so orí wọn pọ̀. Bí òwú bá dẹ̀ nídìí, ilé á wó kí onírun tó dé òde àríyá. Bó bá sì fún jù níwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, orí á máa ta onírun, irun ibẹ̀ á sì máa já. Irun tó kúrú jù kò ní ṣeé so pọ̀ lókè.

Onílé gogoro ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n irun kíkó kì í ṣe ohun tó gbòde. Ìrísí yẹn nìkan ló gbòde. Ọwọ́ tó ń kó o, ilé la ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá àti ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé a jẹ́ kí ọwọ́ bá ìrísí lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Ìbàdàn lónìí kò mọ bí a ti ń mú òwú dání, wíìfọ́ọ̀nù (weave-on), irun àfikún, ni wọ́n mọ̀. Wọ́n wá ń pe irun kíkó ní àṣà àtijọ́ tó ti kọjá!

Nǹkan míì sì wà tó gbòde tó tún wọlé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàn dùn wà bẹ́ẹ̀, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní mu. Ìyá fi í sílẹ̀ nínú àpótí fún ọmọ. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ pé ó gbòde mọ́. Ẹ pè é ní àṣà.