Wọ́n ní mo ní hẹpatáítìsì B, ṣé kí n fi ìyàwó mi sílẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mò ń gbé, ọmọ Ìpẹru ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, oṣù Kejìlá la fẹ́ ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ni wọ́n bá ní èmi ní hẹpatáítìsì B, òun ò ní. Ara mi le o, ojú mi ò pọ́n. Màmá mi ní ibà pọ́njú ni, wọ́n ti ra àgbo wá, àǹtí mi ti ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀, àwọn ẹbí ìyàwó náà ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Ẹni ọ̀rọ̀ kàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi í sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Àrùn ẹ̀dọ̀ yìí kì í gba ara abọ́, ife, ìdìmọ́ra tàbí ikọ́ ran èèyàn, ẹ jọ fọwọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ nínú abọ́ kan, kò sí nǹkan tó máa ṣe àǹtí ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, àti ìbálòpọ̀, àti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Bílédì, kílípà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́, ìwọ̀nyẹn ni kó o dá tìẹ ní, torí fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán.

Màmá ẹ fẹ́ràn ẹ, mo mọ̀, àmọ́ èyí kì í ṣe ibà pọ́njú lásán: hẹpatáítìsì oríṣi A àti E ló ń gba omi àti oúnjẹ tí ò mọ́ wọlé, tó sì sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀. B lè jókòó sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì sọ nǹkankan, títí ẹ̀dọ̀ á fi le, ikùn á wú, tàbí kó di jẹjẹrẹ. Nínú ọmọ ìkókó 100 tó kó o, bíi 90 ni kì í kúrò lára wọn, àgbàlagbà tí kì í kúrò lára ẹ̀ ò tó 5 nínú 100. Kí àwọn ẹbí ìyàwó gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kó ti wà lára ẹ látìgbà ọmọdé, kì í ṣe pé o ṣe ìṣekúṣe kankan.

Gbé àgbo yẹn sílẹ̀, jọ̀ọ́, ẹ̀dọ̀ yẹn náà ló máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Jáwọ́ nínú ọtí. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, má jẹ ẹ́, májèlé inú wọn ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ti ẹni tó ní B tún wá burú jù.

Lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní Ṣágámù níbẹ̀ yẹn, OOUTH, ní kí wọ́n fi ẹ́ han dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀. Wọ́n á wo bí fáírọ́ọ̀sì ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, wọ́n á tún tẹ́ẹ̀sì ṣe lẹ́yìn oṣù 6, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò oògùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó o lo tenofovir, má dá a dúró fúnra ẹ o.

Ìyàwó ẹ ní tiẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́sẹ̀ yìí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta ní oṣù kẹfà. Kẹ́ ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù títí á fi parí. Ọmọ tẹ́ ẹ bá bí, kó gba tiẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Màmá ẹ àtàwọn tẹ́ ẹ jọ bí náà, kí wọ́n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó lè wà lára wọn láì mọ̀.