Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìdílé wo ni igi gíńkgò ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Àbúrò mi tí ń gbé ní London mú ewé gíńkgò kan bọ̀ wálé, ó ní igi náà ti wà láyé láti ìgbà àwọn dáínósọ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń wọ́wé lọ́dọọdún; kí ló wá dé tí ìwé kan fi kà á mọ́ ìbátan páìnì, igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́? Ṣé òkúta inú ilẹ̀, tí àmì ewéko àtijọ́ wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ewé yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn: ó rí bí abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí iṣan ńlá láàárín rẹ̀ bí ti ewé máńgòrò; ńṣe ni àwọn iṣan wẹ́wẹ́ gbéra láti ìdí, tí wọ́n ń pín sí méjì méjì títí dé etí ewé. Kóró rẹ̀ náà ń tanni. Ó pọ́n bí ìyeyè, bó bá sì já bọ́ sílẹ̀, ó ń rùn bíi bọ́tà tó ti bàjẹ́, síbẹ̀ kì í ṣe èso, nítorí igi náà kì í yọ òdòdó rárá. Awọ kóró fúnra rẹ̀ ló rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló sọ ọ́ ní Ginkgo biloba lọ́dún 1771, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e sì kó o mọ́ àwọn ìbátan páìnì, títí di ọdún 1896 tí Sakugoro Hirase, ní Tokyo, rí i pé àtọ̀ igi náà ní irun tín-ín-rín tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin. Páìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn igi oníkóró òde òní, sáíkádì nìkan, igi tó jọ ọ̀pẹ, tí irú rẹ̀ kan ń hù ní Nàìjíríà, ló tún ní irú àtọ̀ yìí. Lọ́dún 1897, Adolf Engler ará Jámánì yà gíńkgò sọ́tọ̀ sí ìdílé tirẹ̀. Ìwé tí ẹ kà ti pẹ́ díẹ̀.

Ní ti òkúta, ewé nìkan kò tó ẹ̀rí, torí pé lórí igi kan ṣoṣo pàápàá, ewé kan lè là jinlẹ̀ kí èkejì má là rárá. Ibi tí kóró ti so ni kí a wò. Ní Yima, lágbègbè Henan ní Ṣáínà, wọ́n rí irú gíńkgò àtijọ́ kan nínú òkúta, Ginkgo yimaensis, tó ti wà láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 170 sẹ́yìn: kóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá kékeré tirẹ̀. Lára Ginkgo apodes ti Liaoning, ní Ṣáínà kan náà, ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 121 sẹ́yìn, ọ̀pá kéékèèké wọ̀nyẹn ti pòórá, bó ṣe rí lára ti òde òní, níbi tí ọmọ kóró méjì ti sábà máa ń jókòó sórí ọ̀pá gígùn kan, tí ọ̀kan ṣoṣo sì máa ń gbó. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé igi yìí kò yí padà rí.

Irú kan péré ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo ìdílé náà, Ṣáínà nìkan ló sì ti ń hù fúnra rẹ̀. Àwọn ti London, gbígbìn ni wọ́n gbìn wọ́n. Ọ̀kan tí wọ́n gbìn sí ọgbà ewéko Kew ní London lọ́dún 1762 ṣì wà níbẹ̀ dòní, bẹ́ẹ̀ ní Scarborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ewé Ginkgo huttonii ti wà nínú òkúta láti ìgbà dáínósọ̀.