Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo jókòó tì

Ẹ ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ ti ń ka ìwé lóríṣiríṣi lórí ohun ti ẹ̀mí, pé ẹ ń jí jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀, síbẹ̀ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan nínú ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé orí yín ti kọ̀ yín. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn, ohun tí mò ń kó jọ ló sì dí mi létí.

Ọ̀dọ̀ babaláwo kan ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ Ifá. Mo ti dàgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kánjú. Odù ni ìpín tí Ifá pín sí: ojú odù, ìyẹn àwọn àgbà, jẹ́ 16, àmúlù tó ti ara wọn jáde jẹ́ 240, gbogbo rẹ̀ di 256, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ tirẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣe ni mò ń há wọn sórí bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣèdánwò. Baba kò yìn mí. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Nínú gbogbo èyí tóo ti kọ́, èwo ló bá ọ wí?" Ẹnu mi wọhò.

Wọ́n ní kí n fi ìyókù sílẹ̀, kí n mú ẹsẹ kan péré nínú Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú ojú odù náà, kí n máa ké e ní ìdájí fún ọjọ́ 16.

Ẹ lè ti gbọ́ ọ. Ọ̀rúnmìlà ló bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rin ìrìn àjò jínjìn, títí dé òkun, láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá wá rìn títí, tó dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro ọkà, tí wọ́n fún un ní orógbó àti àkùkọ ńkọ́? Ó ní tóun bá ti yó, òun á padà sílé òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òrìṣà yòókù ń wí, kálukú pẹ̀lú ìlú tirẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀. Orí nìkan ni kì í padà lẹ́yìn ẹni. Kò sóòṣà tíí dáni gbè lẹ́yìn orí ẹni.

Lọ́jọ́ kìíní, ìtàn ni. Lọ́jọ́ kẹfà, oorun ń kùn mí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, inú ń bí mi sí Baba. Ó di ọjọ́ kọkànlá, mo dé ibi gbẹ̀gìrì, ohùn mi há. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sọ sí mi lọ́kàn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀ láti bí ọdún kan. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ wò ó, ìyàwó rẹ̀ á ro àmàlà, á bu gbẹ̀gìrì lé e, màá jẹ, màá yó, màá fi owó díẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, màá sì wọkọ̀ padà kílẹ̀ tó ṣú. Mo sì ń pe ara mi ní àbúrò rere. Mo sunkún lórí ẹní tí mo jókòó lé.

N ò gbọ́ ohùn kankan o. Ohun tí mo ti mọ̀ tipẹ́, tí mò ń sá fún, ló dúró síwájú mi. Nígbà tí mo sọ fún Baba, wọn ò túmọ̀ ohunkóhun. Wọ́n kàn ní, "Ìgbà wo lò ń lọ?" Mo lọ lọ́jọ́ kejì, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò.

Nítorí náà, ẹ mú ẹyọ kan, ìbáà jẹ́ ẹsẹ Ifá, Sáàmù tàbí Kùránì. Ẹ fi ẹnu wí i kí etí yín gbọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹ má wá àlàyé rẹ̀ kiri láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ibi tó bá ń bí yín nínú, tàbí tí ẹ fẹ́ sáré kọjá, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ dúró sí. Ẹ sì wá àgbà kan tí yóò máa bi yín léèrè, torí ká ní èmi nìkan ni, ọjọ́ kẹfà ni ǹ bá ti fi í sílẹ̀.

Àwọn ìwé yín, ẹ má jù wọ́n nù. Èmi náà padà sídìí àwọn odù mi, mo sì ń kọ́ wọn dòní, ẹsẹ kan lẹ́ẹ̀kan.