Ọmọ mi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún tẹníìsì orí tábìlì: ṣé kò ní di anìkanrìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Jámánì ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, ti fi bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá sílẹ̀, níbi tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, tẹníìsì orí tábìlì ló gbájú mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé eré àdágbá yìí yóò sọ ọ́ di anìkanrìn.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni èmi náà, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Ṣebí ẹni méjì péré ló ń ta ayò, síbẹ̀ ta ló rí ọpọ́n ayò nílé wa tí èrò ìwòran kò yí ká, tí wọ́n ń ki ọ̀ta, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tẹníìsì wa rí ní àdúgbò. Bíríkì la tò sáàárín tábìlì pákó dípò nẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá pàdánù á sì gbé bátì fún ẹni tó kàn, nítorí bátì méjì péré ni gbogbo wa ní. Níbi tí a ti ń dúró de àyè wa yẹn ni mo ti yan àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ṣì ń pè títí dòní. Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n bí Quadri Aruna sí, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ara àwọn mẹ́jọ tó kù nínú ìdíje tẹníìsì orí tábìlì ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan ti àwọn ọkùnrin ní Òlíḿpíìkì, ní 2016. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín.

Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún líìgì, kì í ṣe fún ìdánrawò nìkan. Lóòótọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń gbá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ro èsì wọn pọ̀ fún, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì sábà máa ń ka àmì fún ara wọn. Ọmọbìnrin mi kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. “Mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ” ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ha etí tábìlì, òun nìkan ló rí i, ó sì ní láti sọ ọ́ lójú ọmọ tí àmì náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ báyìí.

Ibi tó le ni pé bó bá pàdánù, kò sí ẹni tí yóò bá a pín in. Èmi kì í sọ̀rọ̀ eré nínú ọkọ̀ títí a ó fi délé.

Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé lọ́dún, bátì méjì ni kí ẹ dì sí àpótí rẹ̀.