Ẹ Bi Wá Nípa Orin: Ta Ló Ní Àwọn Wire Ò Parí Orin Wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n lọ gbọ́ Pink Flag, àwo tí ẹgbẹ́ olórin Wire ṣe, ó ní ẹni tí ò bá gbọ́ ọ ò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀ nídìí post-punk, ìyẹn orin rock tó wá lẹ́yìn páǹkì (punk), èyí tó máa ń sáré. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, àmọ́ kí n tó fara balẹ̀ orin ti tán, òmíì ò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan. Ṣé wọn ò parí orin yẹn ni àbí èmi ni etí mi ò mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò sóhun tó ṣe etí ẹ, bó ṣe máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Orin 21 ló wà nínú àwo yẹn, tó jáde lọ́dún 1977, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò sì ju bí ìṣẹ́jú 35 lọ, "Field Day for the Sundays" tiẹ̀ rèé, ìṣẹ́jú àáyá 28 péré. Àmọ́ wọ́n parí ẹ̀ o! Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ bá ti tán, orin náà tán nìyẹn. Àwọn olórin rock ìgbà yẹn, tí wọ́n bá kọ ẹsẹ kan tán wọ́n á gbe ègbè, wọ́n á tún padà sẹ́sẹ, onígìtá á wá bọ́ síwájú á máa dá tiẹ̀ ta lọ títí, àwọn Wire yọ gbogbo ìyẹn kúrò, wọ́n fi egungun orin nìkan sílẹ̀. Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí.

Ìlú London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976. Colin Newman ló ń kọrin tó sì ń ta gìtá, Bruce Gilbert náà ń ta gìtá, Graham Lewis wà nídìí báàsì, Robert Gotobed ló ń lùlù. Wọ́n ní ẹnì karùn-ún tẹ́lẹ̀, George Gill, ìgbà tíyẹn kúrò láàárín wọn ni orin wọn wá di bó ṣe dà yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé páǹkì ni wọ́n, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin tó ṣíwájú nínú àwo yẹn, "Reuters", kò sáré rárá, gìtá ń já lulẹ̀ bí ẹrù tó wúwo, ohùn Newman sì dà bíi ti akọ̀ròyìn tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ìlú tó ti ń dàrú. Páǹkì wo ló ń bẹ̀rẹ̀ àwo báyẹn?

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o mú "Three Girl Rhumba" nìkan, kó o gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra. Gìtá á ta díẹ̀, á dákẹ́, á tún ta, àlàfo ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín yẹn gan-an lorin náà, òun ló ń mú ẹsẹ̀ mì. Tó o bá ti gbọ́ "Connection" tí ẹgbẹ́ olórin Elastica kọ rí, ojú ẹsẹ̀ lo máa dá gìtá yẹn mọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn náà dìjà nígbà yẹn kí wọ́n tó yanjú ẹ̀ láì dé iwájú adájọ́. Nínú orin Pink Flag kan náà, ẹgbẹ́ olórin R.E.M. tún "Strange" kọ sínú àwo wọn ti 1987, ẹgbẹ́ Minor Threat ní Amẹ́ríkà tún "12XU" kọ. Ṣé orin tí ò parí làwọn èèyàn á máa dù báyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú làákàyè. Pink Flag ni mo fẹ́ràn, mo wá lọ gbọ́ Chairs Missing àti 154, àwo méjì tí Wire ṣe tẹ̀ lé e, ó dà bíi pé ẹgbẹ́ olórin mìíràn ni. Kí ló dé tí wọ́n yí padà kíákíá báyẹn? Kí sì ni 154 túmọ̀ sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìbéèrè tó wù mí láti dáhùn rèé. 154 ni iye ìgbà tí wọ́n ti gun orí ìtàgé kí wọ́n tó ṣe àwo náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti Chairs Missing, àwọn ará Britain máa ń sọ pé àga kan ò sí nínú ilé ẹnì kan tí orí ẹ̀ ò bá fi bẹ́ẹ̀ pé, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

1977, 1978, 1979, àwo mẹ́ta lọ́dún mẹ́ta, kò sí èyí tó jọ èkejì. Mike Thorne ló bá wọn ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sítúdíò, nígbà tó sì di àwo kejì òun fúnra ẹ̀ ti ń tẹ synthesizer, ìyẹn dùùrù oníná, mọ́ ọn. Ká sòótọ́, èmi ò fẹ́ràn gbogbo 154 bákan náà, "A Touching Display" gùn jù fún mi. Chairs Missing ni tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ gbọ́ "Outdoor Miner". Orin tó dùn tó báyẹn, ẹ̀ẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kòkòrò kékeré kan tó ń gbénú ewé tó sì ń jẹ ewé náà lọ látinú ni wọ́n ń sọ! Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde lọ́tọ̀ wọ́n fi dùùrù sáàárín ẹ̀ kó lè gùn, ó dáa, àmọ́ ti inú àwo tí ò pé ìṣẹ́jú méjì yẹn ló ń dà mí láàmú.

Nínú 154, ẹ gbọ́ "Map Ref. 41°N 93°W", ibì kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí. Kí ègbè tó wọlé, Newman á kọ́kọ́ pe "chorus" síta, ègbè á wá bú jáde, orí mi máa ń wú níbẹ̀ títí dòní.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kọ̀ láti kọ orin wọn àtijọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni o. Wọ́n túká lọ́dún 1980, wọ́n padà wá ní 1985, wọ́n sì ní orin tuntun nìkan làwọn máa kọ. Nígbà tí wọ́n rìn káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún 1987, wọ́n kó ẹgbẹ́ olórin kan dání, Ex-Lion Tamers, àwọn yẹn á kọ́kọ́ jáde, wọ́n á kọ Pink Flag láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Wire á wá bọ́ sítàgé lẹ́yìn wọn, wọ́n á kọ tuntun.