Ṣé "Come here" pé gbólóhùn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tíṣà ọmọ yín ní Kubwa kọ "Come here" tẹ́ ẹ wá ń bi wá pé olùwà ẹ̀ dà, ó pé o. Gbólóhùn àṣẹ ni, "you" ló fara pamọ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe á sì dúró bó ṣe wà gan-an, kò ní gba "s", kò ní gba "ed", ẹnì kan lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni o tàbí ogún èèyàn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, "wá" fún ọmọdé, "ẹ wá" fún àgbà, Òyìnbó ò ní ìyẹn rárá, "please" ni wọ́n máa ń fi kún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ ọmọ yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ má ṣe nǹkan, "don't" ló máa ṣáájú, kódà tó bá jẹ́ "be": "Don't be late".