Bàálù wa pẹ́ wákàtí méje láti London dé Èkó: ṣé owó kankan tọ́ sí wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọdún mẹ́fà) wọ bàálù láti London lọ sí Èkó ní oṣù Kejìlá tó kọjá. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ló yẹ kó gbéra, ṣùgbọ́n ó kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó tó fò, wákàtí méje gbáko la fi pẹ́ dé Èkó. Ìwé oúnjẹ £10 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé ó ju agbára àwọn lọ, àti pé ilé iṣẹ́ Áfíríkà ni àwọn, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò kan àwọn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, wọ́n tún wọ́gi lé bàálù Èkó sí London nígbà tó ku ọ̀la, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé wa. Kí ló tọ́ sí wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Ní ti àlọ yín, £520 tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, £2,080 fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti àbọ̀ yàtọ̀, a ó dé ibẹ̀.

Òfin tó kàn yín ni UK261. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2004 ni tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sínú òfin tirẹ̀ nígbà tó jáde níbẹ̀. Ibi tí bàálù ti gbéra ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Bàálù yòówù tó bá gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin yìí dè é, ìbáà jẹ́ ti Nàìjíríà, Etiópíà tàbí Amẹ́ríkà. Èyí tó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìta ni ó di dandan kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yúróòpù kí òfin tó mú un. Nítorí náà, "ilé iṣẹ́ Áfíríkà ni wá" kì í ṣe àwáwí fún bàálù tó kúrò ní London.

Iye owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni. Ìrìnnà tí kò ju kìlómítà 1,500 lọ, £220. Tí kò ju 3,500 lọ, £350. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, £520. London sí Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Bó bá jẹ́ pé ẹ pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò pé mẹ́rin, £260 ni wọ́n lè san. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bàálù, ó kéré tán ọ̀kan, ni wọ́n ń kà sí àkókò tí ẹ dé, kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Iṣẹ́jú mẹ́wàá péré lè jẹ́ ìyàtọ̀ £260 lórí ẹnì kan, ìdí nìyẹn tí fọ́tò tó ní aago lórí fi wúlò lẹ́nu ọ̀nà bàálù.

Ní ti ẹ̀rọ tó bàjẹ́: èyí ni àwáwí tí wọ́n fẹ́ràn jù, ilé ẹjọ́ sì ti já a. Nínú ẹjọ́ Jet2 àti Huzar ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé kí ẹ̀rọ máa bàjẹ́ wà lára iṣẹ́ ẹni tó ń fi bàálù ṣòwò. Ní 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún sọ pé àìsàn páílọ́ọ̀tì náà kì í ṣe ohun tó ju agbára wọn lọ. Ohun tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ ni ìjì, kùrukùru, ẹyẹ tó kọ lu bàálù, ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfuurufú, tàbí àbùkù tó fara pamọ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù náà. Àwọn ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, kì í ṣe ẹ̀yin. Lásìkò ọyẹ́, wọ́n á ní èéfín eruku ló bo Èkó. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bí bàálù ilé iṣẹ́ mìíràn bá ń balẹ̀ ní wákàtí kan náà, ẹ bi wọ́n ní ìdí.

Ìwé oúnjẹ £10 yẹn ò dín nǹkan kan kù nínú £520. Lórí ọ̀nà jíjìn báyìí, tí ìdádúró bá ti tó wákàtí mẹ́rin, oúnjẹ àti ohun mímu di dandan. Bó bá di òru mọ́jú, hòtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ẹ bá fi owó ara yín rà, ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ sí i (bíà ò sí níbẹ̀ o).

Ilé iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Ẹ kọ nọ́ńbà bàálù, ọjọ́, orúkọ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, kí ẹ dárúkọ UK261 àti £520 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà wà nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ sanwó ìjókòó wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn á fún yín ní fọ́ṣà tí ẹ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ má fọwọ́ sí i àfi tó bá wù yín. Owó gidi ni òfin sọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn alárinà tí ilé iṣẹ́ náà bá forúkọ sílẹ̀ sí. Bí kò bá ní ìkankan, CAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gba ẹ̀sùn. Kóòtù kékeré ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún mẹ́fà lẹ ní láti pẹjọ́ ní England, márùn-ún ní Scotland. Àwọn tó ń polówó pé àwọn á bá yín gbà á yóò mú apá ńlá nínú rẹ̀ fún lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín lè kọ.

Àwọn tó bá gba Addis Ababa tàbí Istanbul lọ sí Èkó, bó bá jẹ́ orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, ìgbà tí wọ́n dé Èkó ni wọ́n á fi ṣírò rẹ̀. Ẹjọ́ Gahan àti Emirates ní 2017 ló fìdí èyí múlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku àbọ̀ yín. Bí ẹ tilẹ̀ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, òfin kà wọ́n sí ìrìnnà méjì; bàálù Áfíríkà tó gbéra ní Èkó kò sí lábẹ́ UK261. Òfin Nàìjíríà ló kàn án: bí wọ́n bá wọ́gi lé ìrìnnà òkè òkun láìsọ fún èrò ní ọjọ́ méje ṣáájú, owó gbà-má-bìínú kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì, àyàfi bí wọ́n bá fi hàn pé ohun tó fà á ju agbára wọn lọ. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn sọ́dọ̀ NCAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà. Bí ẹ bá pàdánù owó nítorí ọjọ́ tó sọnù yẹn, bí i owó hòtẹ́ẹ̀lì tàbí owó iṣẹ́, tí ìwé ẹ̀rí sì wà, Àdéhùn Montreal ti 1999, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà bàálù, gbà yín láàyè láti béèrè rẹ̀. Ọdún méjì péré ni àdéhùn yẹn fún yín láti pẹjọ́, kò sì sí àfikún.